Ọkùnrin mẹ́sàn-án àti thymus tó ti di ọ̀rá: àkọsílẹ̀ ìdánwò TRIIM

Láàárín ọdún 2015 sí 2017, ọkùnrin mẹ́sàn-án tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 51 sí 65 gba abẹ́rẹ́ họ́mónù ìdàgbàsókè fún ọdún kan gbáko ní California. Wọn kò kúrú, wọn kò sì wá iṣan. Ohun tí àwọn olùwádìí fẹ́ mọ̀ ni bóyá thymus, ẹ̀yà ara inú àyà tó ń dá sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà lẹ́kọ̀ọ́, lè padà di ẹran tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó ti di ọ̀rá. TRIIM ni wọ́n sọ ìdánwò náà. Gregory Fahy àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, Intervene Immune, ló darí rẹ̀, Stanford sì ni wọ́n ti ya àwòrán inú àyà tí wọ́n sì ti ka sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀. FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní 2015. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Aging Cell ní oṣù September 2019, ohun tí ayé gbé kiri ni pé ọjọ́ orí àwọn ọkùnrin náà padà sẹ́yìn. Ìyẹn gan-an ni apá tí kò lẹ́sẹ̀ tó nínú iṣẹ́ náà. Èyí tó yẹ ká gbájú mọ́ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí sẹ́ẹ̀lì T wọn, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì ajàfára tí thymus ń dá lẹ́kọ̀ọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí àbájáde méjèèjì jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yìn egungun àyà ni thymus wà, lókè ọkàn. Títí di nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn dókítà kò mọ ohun tó ń ṣe. Ní 1961 ni Jacques Miller, ní London, yọ ọ́ kúrò lára ọmọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn dín kù gan-an, àrùn ń pa wọ́n, ara wọn sì ń gba awọ eku mìíràn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn láìbá a jà rárá.

Mùdùnmúdùn inú egungun ló ń rán àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì mọṣẹ́ wá sínú thymus. Níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á gé ègé jíìnì mélòó kan, á tún wọn tò bó bá ṣe bọ́ sí i, kí ó lè ní ohun ìdámọ̀ tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdánwò ló kàn. Ṣé ohun ìdámọ̀ yìí lè ríran rárá? Ṣé kì í ṣe ara tó ń gbé inú rẹ̀ ni yóò dojú kọ? Èyí tó lé ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kú síbẹ̀. Ìwọ̀nba tó yege ló ń gba fírídọ̀mù bí ọmọ iṣẹ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ parí, tí wọ́n á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí sẹ́ẹ̀lì T tí kò tíì rógun rí.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ogbó ló ń pa thymus. Kò rí bẹ́ẹ̀, láti kékeré ló ti ń lọ. Ẹran rẹ̀ ń dín kù ní nǹkan bí ìpín 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún títí di agbedeméjì ayé ẹni, lẹ́yìn náà ó di nǹkan bí ìpín 1, ọ̀rá sì ń gba àyè tó ṣí sílẹ̀. Họ́mónù ìbálágà ń ti ọ̀rọ̀ náà síwájú. Jíìnì FOXN1, tó ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dá sẹ́ẹ̀lì T lẹ́kọ̀ọ́ máa báṣẹ́ lọ, ń rọlẹ̀ bákan náà. Nígbà tí àwọn olùwádìí ní Edinburgh gbé iṣẹ́ FOXN1 sókè lára eku arúgbó, thymus wọn tún tóbi, ó sì tún ń pèsè sẹ́ẹ̀lì T. Ọdún 2014 nìyẹn.

Bí wọ́n bá ka gbogbo sẹ́ẹ̀lì T inú ẹ̀jẹ̀ ẹni ọgọ́ta ọdún, iye náà lè má yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ọ̀dọ́. Sẹ́ẹ̀lì T àtijọ́ máa ń pín ara rẹ̀ sí méjì, sí mẹ́rin, títí àyè tó ṣófo á fi kún. Ohun tó ń tán ni oríṣiríṣi. Kòkòrò CMV, tó ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn gbé láìṣe wọ́n ní nǹkan kan, lè gba apá ńlá nínú sẹ́ẹ̀lì CD8 àgbàlagbà (oríṣi sẹ́ẹ̀lì T tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ti wọ̀) fún ara rẹ̀ nìkan. Bí àrùn tí ara kò rí rí bá wá wọlé lọ́jọ́ kan, kò sí ẹni tó máa dá a mọ̀. Ìdí nìyí tí iye CD4 lásán (oríṣi sẹ́ẹ̀lì T tó ń darí àwọn yòókù) kò fi lè sọ fún dókítà bóyá thymus aláìsàn rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ṣé thymus àgbàlagbà tiẹ̀ ṣe pàtàkì? Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ọkàn kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó yọ ọ́, kí ó má baà dí wọn lójú. Ní 2023, ìwádìí kan láti Massachusetts General Hospital fi àwọn àgbàlagbà tí wọ́n yọ thymus wọn wé àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ àyà bẹ́ẹ̀ láìyọ ọ́. Láàárín ọdún márùn-ún, 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún kú lára àwọn tí wọ́n yọ ọ́, 2.8 sì ni ti àwọn yòókù. Jẹjẹrẹ mú 7.4 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì mú 3.7 lára ẹgbẹ́ kejì. Àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ni wọ́n lò, wọn kò fi kèké pín àwọn aláìsàn náà, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí nǹkan mìíràn wà nídìí rẹ̀. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn kò kéré.

Ibo ni họ́mónù ìdàgbàsókè ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ní 1986, Keith Kelley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Illinois gbin sẹ́ẹ̀lì tó ń tú họ́mónù yìí jáde sára eku ńlá tó ti gbó, thymus wọn sì hù padà. Ìwádìí yìí ló wú Fahy lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fífi òtútù pa kíndìnrín àti ẹ̀yà ara mìíràn mọ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó gún ara rẹ̀ ní họ́mónù náà fún oṣù kan, ó sì ní thymus òun hù díẹ̀. Ẹ̀rí tó dára ju ìyẹn lọ wá láti San Francisco ní 2008. Laura Napolitano àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fún àgbàlagbà tó ní HIV ní họ́mónù náà, 22 ni wọ́n kó jọ, kèké ni wọ́n fi pinnu ẹni tó kọ́kọ́ gbà á àti ẹni tó dúró. Thymus wọn tóbi sí i, sẹ́ẹ̀lì CD4 tí kò tíì rógun sì pọ̀ sí i.

Ìṣòro họ́mónù yìí ni ṣúgà. Ó ń jẹ́ kí ara kọ etí dídi sí ínsúlíìnì, tí àpò ínsúlíìnì á sì máa tú u jáde ṣáá. Bó bá pẹ́, àtọ̀gbẹ lè dé. Èrò Fahy ni pé ọ̀dọ́ ní họ́mónù ìdàgbàsókè púpọ̀ láìní àtọ̀gbẹ nítorí pé DHEA wọn pọ̀ pẹ̀lú, họ́mónù mìíràn tó ń dín kù bí èèyàn ṣe ń dàgbà. Ó fi DHEA kún un, ó tún fi metformin kún un, oògùn àtọ̀gbẹ tí gbogbo ayé mọ̀, kí ṣúgà má baà gòkè.

Bí wọ́n ṣe lò ó rèé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, họ́mónù nìkan, ní ìwọ̀n 0.015 miligíráàmù fún kílò kan ara. Ọkùnrin oníkílò 80 á gba 1.2 miligíráàmù lẹ́ẹ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n fi miligíráàmù 50 DHEA kún un, ní ọ̀sẹ̀ kẹta miligíráàmù 500 metformin. Ìdí tí wọn kò fi dà wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni kí wọ́n lè rí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí ínsúlíìnì. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n ń yí ìwọ̀n náà padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ínsúlíìnì, IGF-1 (èròjà ìdàgbàsókè tí họ́mónù náà ń mú jáde) àti CRP (àmì pé ara ń wú nínú) inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ṣe rí. Ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gba oògùn, ní alẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ sùn, tí oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ sí níkùn wọn. Wọ́n tún ń lo 3,000 IU vitamin D3 àti miligíráàmù 50 zinc lójoojúmọ́.

Zinc yẹn kò yẹ kó kọjá lára wa. Ìwọ̀n tó ga jù tí wọ́n gba àgbàlagbà láyè láti lò lójúmọ́ jẹ́ miligíráàmù 40. Bí zinc bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, ìfun kò ní gba bàbà inú oúnjẹ dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa tán lára. Abẹ́ ojú dókítà pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án yẹn wà. Ẹni tó ń ra zinc ní kẹ́míìsì kò ní ìyẹn.

Ẹ̀rọ MRI ni wọ́n fi wo thymus. Ẹ̀rọ náà lè ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá, kí ó sì sọ ìpín tí kì í ṣe ọ̀rá nínú àyè tí thymus wà. Ìpín yẹn gòkè ketekete lára méje nínú àwọn mẹ́sàn-án. Àwọn méjì tí kò gòkè lára wọn jẹ́ àwọn tí thymus wọn kò ní ọ̀rá púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun púpọ̀ tí oògùn máa yí padà níbẹ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ìpín lásán ni nọ́ńbà yẹn, ó sì lè gòkè lọ́nà méjì: kí ẹran pọ̀ sí i, tàbí kí ọ̀rá dín kù kí ẹran dúró síbi tó wà. Họ́mónù ìdàgbàsókè sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ohun tó ń yọ́ ọ̀rá jù lọ nínú ara. Fọ́tò tó fi hàn pé ibi tó funfun tẹ́lẹ̀ ti ṣókùnkùn lẹ́yìn ọdún kan dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹjọ́ yìí. Ẹ̀jẹ̀ ló lè dá a.

Stanford lo ẹ̀rọ CyTOF láti ka sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n máa ń so àwọn èròjà irin tí kò wọ́pọ̀ nínú ara mọ́ àwọn èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ àmì orí sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ náà á sì wọn irin orí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, tó fi lè ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ àmì lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí wọ́n rí nìyí: CD4 àti CD8 tí kò tíì rógun pọ̀ sí i. CD4 tó ní àmì CD31, èyí tí wọ́n ń kà sí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti thymus, pọ̀ sí i pẹ̀lú. CD8 tó ní PD-1, àmì sẹ́ẹ̀lì tí ogun ti sú, dín kù. Sẹ́ẹ̀lì monocyte tó ní CD38 náà dín kù, CD38 sì jẹ́ ẹ̀nsáìmù tó ń jẹ NAD, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí agbára, wíwú inú ara sì máa ń mú CD38 pọ̀ sí i. Gbogbo rẹ̀ kọjú sí ibi tó dára. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ni TRIIM rí, apá yìí la máa kọ́kọ́ fi hàn án.

Kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì T tí kò tíì rógun lè pín ara rẹ̀ sí méjì láìpadà sí thymus, kí ó sì di àmì CD31 rẹ̀ mú. IGF-1, tí họ́mónù yìí ń gbé sókè, sì lè ti irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Àmì tó ṣòro láti tàn jẹ ni TREC. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń gé jíìnì rẹ̀ nínú thymus, ègé DNA tó gé kúrò á ká di òrùka kékeré, á sì dúró sínú rẹ̀. Òrùka yìí kì í da ara rẹ̀ kọ. Bí sẹ́ẹ̀lì bá pín sí méjì, ọ̀kan ṣoṣo ló máa mú un lọ, èkejì á ṣófo. Nítorí náà, bí sẹ́ẹ̀lì tuntun bá pọ̀ sí i tí TREC náà sì pọ̀ sí i pẹ̀lú wọn, thymus ló ń ṣiṣẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì bá pọ̀ tí TREC orí kọ̀ọ̀kan ń dín kù, wọ́n kàn ń pín ara wọn ni. Nínú ìwádìí San Francisco ti 2008, wọ́n ka TREC, ó sì gòkè. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìwádìí yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju TRIIM lọ lórí ọ̀rọ̀ thymus, bó tilẹ̀ jẹ́ pé TRIIM ló gbajúmọ̀.

Ó kan aago, ohun tí wọ́n fi sọ pé ọjọ́ orí àwọn ọkùnrin náà padà sẹ́yìn. Ọ̀kan lára àwọn tó ṣe irú aago bẹ́ẹ̀ ni Steve Horvath, tó jẹ́ ti UCLA nígbà náà. Ó ń ka àwọn àmì kẹ́míkà tó ń lẹ̀ mọ́ DNA bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, ó sì fi ìṣirò yí wọn padà sí ọdún. Aago mẹ́rin ni wọ́n lò fún TRIIM. Lẹ́yìn ọdún kan, ọjọ́ orí tí àwọn aago náà sọ fi nǹkan bí ọdún 1.5 kéré sí ti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kan sì ti kọjá, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ ọdún 2.5: 1.5 tó padà sẹ́yìn, pẹ̀lú ọdún kan tó yẹ kó gòkè tí kò gòkè. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n dá oògùn dúró, àwọn mẹ́fà péré ni ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì wà fún àyẹ̀wò, GrimAge, ọ̀kan lára aago mẹ́rin náà, sì fi hàn pé àǹfààní nǹkan bí ọdún méjì ṣì wà.

Nọ́ńbà kan wà nínú iṣẹ́ náà tó máa ń ya àwọn tó kà á lẹ́nu: pé láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkejìlá ìdánwò náà, ọjọ́ orí ń padà sẹ́yìn ní ọdún 6.5 lọ́dún. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n wò, wọ́n sì sọ ọ́ di ti ọdún kan. Ìyípadà tó ṣẹlẹ̀ gan-an láàárín oṣù mẹ́ta yẹn jẹ́ nǹkan bí ọdún 1.6. Lórí èèyàn mẹ́sàn-án, òtútù tó mú ẹni méjì lọ́sẹ̀ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lè yí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ padà.

Ohun tó le jù ni pé ẹ̀jẹ̀ ni aago náà kà, ẹ̀jẹ̀ sì jẹ́ àdàlù oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì. Ìwádìí kan tó jáde ní 2022 ya sẹ́ẹ̀lì CD8 ẹnì kan náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì rí i pé aago sọ pé èyí tí kò tíì rógun fi ọdún 15 sí 20 kéré sí èyí tó ti jà rí. Ẹnì kan náà, ọjọ́ kan náà. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú TRIIM: sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì rógun pọ̀, èyí tí ogun ti sú dín kù. Bí ìdàpọ̀ ẹ̀jẹ̀ bá yí padà báyìí, aago máa lọ sẹ́yìn láìjẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kankan di ọ̀dọ́, kí a má tiẹ̀ tíì sọ ti ẹ̀dọ̀ tàbí ọkàn. Ó ṣeé ṣe kí a fi ìṣirò yọ ipa ìdàpọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n pẹ̀lú èèyàn mẹ́sàn-án, ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ẹrù púpọ̀. Èrò tiwa ni pé aago náà kò purọ́. Ìròyìn sẹ́ẹ̀lì T ló tún ròyìn ní èdè mìíràn, àwọn oníròyìn sì gbà á bí ìròyìn kejì.

Kò sì sí ẹgbẹ́ kankan tí wọn kò fún lóògùn tí wọ́n lè fi wọ́n wé. Ẹni tó bá wọ irú ìdánwò yìí lè bẹ̀rẹ̀ sí sùn dáadáa, kí ó máa rìn, kí ó ṣọ́ ohun tó ń jẹ, kí gbogbo rẹ̀ sì hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin nìkan ni wọ́n mú. Nínú TRIIM-X, ìdánwò tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti fi obìnrin kún un.

Ìpalára tó yọjú kò le: oríkèé ríro, ọ̀kàn tí kò balẹ̀, àti ọwọ́ tó ń kú nítorí iṣan tó há ní ọrùn ọwọ́. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ ohun tí họ́mónù ìdàgbàsókè máa ń fà, nítorí ó ń jẹ́ kí omi dúró sára. Àmì PSA tí wọ́n fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ prostate kò gòkè, ṣe ló wálẹ̀. Ọdún kan kò tó láti fi dájọ́ jẹjẹrẹ ṣá o. Àwọn èèyàn kan wà ní Ecuador tí ara wọn kò lè gbọ́ họ́mónù ìdàgbàsókè láti inú oyún. Wọ́n kúrú gan-an, jẹjẹrẹ àti àtọ̀gbẹ sì ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàárín wọn. Eku tí kò ní họ́mónù yìí náà ń pẹ́ láyé ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ohun tí TRIIM fẹ́ fi tún ara ṣe ni àìsí rẹ̀ dà bí ẹni ń dáàbò bo àwọn wọ̀nyí. Bóyá ìwọ̀nba díẹ̀ fún ọdún kan yàtọ̀ sí púpọ̀ ní gbogbo ayé ẹni, ìdánwò ńlá ló lè sọ.

Metformin kò wọ́n púpọ̀, ó wà káàkiri Nàìjíríà, ìyẹn sì ń mú kí àwọn kan rò pé àwọn lè fọwọ́ ara wọn ṣe TRIIM nílé. Kò sí ẹ̀rí nínú TRIIM pé metformin nìkan lè mú thymus hù. Kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa kò ní lè lé e jáde, bó bá sì pẹ́ lára ó ń jẹ́ kí vitamin B12 dín kù. DHEA ń yí padà di testosterone àti estrogen, kì í ṣe ohun tí ẹni tó ní jẹjẹrẹ prostate tàbí ti ọmú ń fi ṣeré. Inú fíríìjì, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius, ni ọ̀pọ̀ họ́mónù ìdàgbàsókè ń gbé. Abẹ́rẹ́ tó kọjá lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́ta nígbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ lè ti bàjẹ́ kí ó tó dé ara, kò sì ní hàn lójú.

Kí ìdánwò tó ń bọ̀ tó lè parí àríyànjiyàn, kí wọ́n fi kèké pín àwọn èèyàn, kí wọ́n ka TREC, kí wọ́n ka oríṣiríṣi ohun ìdámọ̀ orí sẹ́ẹ̀lì T, kí wọ́n sì ya sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì rógun sọ́tọ̀ kí wọ́n tó gbé e fún aago. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọn kò gbà rí, bíi ti ajá dìgbòlugi, nítorí sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì rógun ló máa dáhùn sí i. Kí wọ́n má lo ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Kòkòrò inú rẹ̀ wà láàyè, ewu rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i láti ọgọ́ta ọdún lọ. Ẹni tí àrùn bá thymus rẹ̀ jà, tàbí tí wọ́n ti yọ ọ́ nítorí myasthenia gravis, àrùn tó ń sọ iṣan di aláìlágbára, kò gbọ́dọ̀ gbà á rárá. Àwọn ará wa tó ń bọ̀ wálé láti Britain tàbí Amẹ́ríkà sábà máa ń gba abẹ́rẹ́ yìí nítorí káàdì yẹ́lò tí Nàìjíríà ń béèrè. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ní láti sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gún un, kí dókítà sì kọ ìwé pé abẹ́rẹ́ náà kò bá a lára mu.